Ìlà Pupa Tó Wà Lára Nọ́ọ̀tì

Tí ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti ń tún bàálù ṣe ní ìlú Maun, tí ẹ ní Seipone Moalosi lẹ ń wá, wọ́n á kọ́kọ́ wo ara wọn lójú ná. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní Mma-Poifo lẹ ń wá, ìyẹn Ìyá Ẹ̀rù, gbogbo wọn á nàka sí obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó ti orí bọ abẹ́ ìbòrí ẹ́ńjìnnì, tó ń fi imú fa afẹ́fẹ́ bí ẹni tó ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀ aládùúgbò. Epo tó ń jò ló ń wá. Àwọn ọkùnrin tó ń bá ṣiṣẹ́ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, wọn ò sì fi yìn ín.

Ẹ̀rù máa ń bà á lóòótọ́, mi ò ní bá a bò ó. Ẹ̀rù odò ń bà á, nítorí erinmi ló dojú ọkọ̀ bàbá rẹ̀ dé nígbà tí òun wà ní kékeré, òkú bàbá náà ni wọ́n sì fà jáde. Àbúrò bàbá rẹ̀, Saudu, ló mú un sọ́dọ̀, tó tọ́ ọ pọ̀ mọ́ Bontle, ọmọ tirẹ̀. Ọkùnrin yẹn ta màlúù kí Seipone tó lè lọ kọ́ iṣẹ́ bàálù. Bàbá ló ń pè é, ẹni tó bá sì sọ fún un pé kì í ṣe bàbá rẹ̀ á gbọ́ ohun tí kò fẹ́ gbọ́.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tó ń bà á lẹ́rù, epo bàálù lọ̀gá. Ó ti rí bó ṣe ń ṣe. Yóò rọra yọ bí òógùn lójú páìpù, yóò gbẹ, àbàwọ́n búlúù díẹ̀ ni yóò fi sílẹ̀, ẹni tí kò bá fara balẹ̀ kò ní rí i. Páìpù èéfín tó gbóná janjan kò sì jìnnà sí i. Tí mọ́tò bá ń jò, èèyàn á páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, á bọ́ sílẹ̀, á máa bú mẹkáníìkì. Lókè lọ́hùn-ún, kò sí ẹ̀gbẹ́ títì.

Ìdí nìyẹn tí Rra Tidimalo, ọ̀gá wọn tí wọ́n ń fi Rra pè bí àwa ṣe ń pe Ọ̀gbẹ́ni, fi ń tẹnu mọ́ òfin bí ẹni ń kọ́ ọmọdé ní àdúrà. Páìpù epo tí wọ́n bá tú, kí wọ́n fi sípánà fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ dáadáa kí wọ́n tó fi ọ̀dà pupa fa ìlà láti ara nọ́ọ̀tì dé ara páìpù. Tí nọ́ọ̀tì bá yí, ìlà á já sí méjì, ojú á rí i. Kí ẹlòmíì wá yẹ iṣẹ́ náà wò. Kí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì láì tíì dé ìbòrí, kí wọ́n wò ó bóyá ó ń jò. Àti pé ẹni tí ohunkóhun bá dá dúró láàárín iṣẹ́, kí ó tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

Òfin dáa. Ṣùgbọ́n ìkíni wà. Nílùú yẹn, kò sẹ́ni tí í di irin mọ́wọ́ kí àgbà. Wàá gbé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ sílẹ̀, wàá na ọwọ́ ọ̀tún, wàá fi tòsì di ìgúnpá ọ̀tún mú, wàá sì béèrè ilé, béèrè ọmọ, béèrè màlúù, béèrè òjò. Ẹni tó bá gé e kúrú, wọ́n á ní wọn ò kọ́ ọ nílé. Àwa náà tí wọ́n tọ́ ní ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀, ìyẹn kò lè yà wá lẹ́nu.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí, òjò ti ṣú títí kò rọ̀, ooru sì mú. Bàálù kékeré kan fẹ́ gbé èrò lọ sí àwọn àgọ́ inú àbàtà, níbi tí àwọn àlejò tó ń wo ẹranko máa ń sùn. Seipone ti pààrọ̀ páìpù epo rẹ̀. Ó ti fi sípánà fún nọ́ọ̀tì kan. Ó ti fi ìka yí èkejì wọlé, ó gbé sípánà láti fún un, nígbà tó gbọ́ ohùn Bàbá Saudu lẹ́yìn.

"Seipone, ọmọ mi! Ṣé inú irin náà lo wá ń gbé báyìí?"

Ó gbé sípánà sórí dúrọ́ọ̀mù, ó nu ọwọ́, ó lọ pàdé rẹ̀. "Bàbá mi! Ẹ káàárọ̀. Ṣé ẹ jí dáadáa?"

"A jí. Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n wà, Bàbá. Màlúù ńkọ́?"

"Èyí tí kìnnìún ò tíì jẹ ṣì wà. Òjò ńkọ́ lọ́dọ̀ yín?"

"Kò tíì rọ̀."

"Tiwa náà kàn ń ṣú lásán ni, bí ọkọ tó ń ṣèlérí aṣọ." Bàbá rẹ́rìn-ín. Kò fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Mo wá dúpẹ́ ni. O bá Bontle wáyè nínú bàálù yìí. Tí kì í bá ṣe tìẹ, ì bá fi ọkọ̀ ojú omi lọ, ìwọ sì mọ bí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi ṣe rí nínú ilé wa."

Bontle, tó ń lọ padà sídìí iṣẹ́ oúnjẹ sísè ní àgọ́ kan, dúró lẹ́yìn pẹ̀lú báàgì rẹ̀. "Bàbá, ẹ fi í sílẹ̀ jàre, ó ń ṣiṣẹ́."

"Kí n má kí ọmọ mi ni? Ìwọ ọmọ yìí, ta ló tiẹ̀ bá ọ sọ̀rọ̀?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá tún béèrè ìlera ọkọ rẹ̀, ó béèrè orí tó ń fọ́ ọ lọ́jọ́sí. Nígbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó lọ jókòó sábẹ́ igi níta. Seipone padà sídìí ẹ́ńjìnnì. Ìgò ọ̀dà pupa ni ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ bà. Ó fa ìlà sára nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́, ó fa ìlà sára èkejì. Ìlà náà gún régé.

Rra Tidimalo wá tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó rí ìlà méjèèjì, ó ní ó dáa. Wọ́n tan ẹ́ńjìnnì, ẹ̀kán epo kan kò já bọ́. Wọ́n fi aṣọ funfun nu ojú páìpù, aṣọ mọ́. Larona, awakọ̀ bàálù náà, ọmọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, yọ orí jáde lójú fèrèsé.

"Mma-Poifo, ṣé kí n máa lọ, àbí ẹ ṣì fẹ́ gbọ́ òórùn ẹsẹ̀ mi náà?"

"Ìyẹn la ti gbọ́ látàárọ̀. Máa lọ, ẹlẹ́jọ́ wẹ́wẹ́!"

Bàálù gbéra. Bontle ń juwọ́ láti ojú fèrèsé títí tí wọn ò fi rí i mọ́.

Seipone wá ń kó irinṣẹ́ jọ. Sípánà kọ̀ọ̀kan ló ní àyè tirẹ̀ lára pátákó, kí èèyàn lè tètè mọ èyí tó sọnù. Àyè kan ṣófo. Ó wo ilẹ̀, ó wo àpò rẹ̀, ó wá rí i: sípánà náà wà lórí dúrọ́ọ̀mù, gẹ́lẹ́ níbi tó gbé e sí kó tó lọ kí Bàbá.

Ó di ojú, ó ń wá nọ́ọ̀tì kejì nínú ọkàn rẹ̀. Ó rí ti àkọ́kọ́, ó tiẹ̀ rántí bó ṣe le lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó fún un dé òpin. Tó bá ti kan èkejì, ọwọ́ Bàbá nìkan ló ń rí, pẹ̀lú ìgò ọ̀dà. Bóyá mo ti fún un, ó ń sọ fún ara rẹ̀, bóyá mo fún un, mo sì tún gbé sípánà padà síbẹ̀. Ta ló ń gbé sípánà padà síbi tó gbé e sí nígbà tó fẹ́ lọ kí èèyàn?

Ó lè dákẹ́. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ọ̀pọ̀ nínú wa ì bá dákẹ́. Tó bá sọ ọ́, tó sì wá jẹ́ pé nọ́ọ̀tì náà le, wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí yóò fi fẹ̀yìn tì. Tó bá jẹ́ pé kò le, wọ́n lè gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo èyí kọjá lọ́kàn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń sáré lọ sí ọ́fíìsì.

"Rra, ẹ pe Larona. Ẹ ní kó balẹ̀."

"Kí ló dé?"

"Nọ́ọ̀tì páìpù epo. Mi ò rò pé mo fún un."

"Mo fojú ara mi rí ìlà náà, Seipone."

"Ìlà yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù! Èmi ni mo fà á, Rra. Bàbá mi wá kí mi, mo gbé sípánà sílẹ̀, mi ò gbé e mọ́."

Rra Tidimalo wò ó. Kò bú u, kò bi í léèrè mọ́. Ó fa rédíò sọ́dọ̀.

"Ẹ má sọ pé Mma-Poifo ni o," ohùn Larona ń ṣẹ̀rín láti inú rédíò. Nígbà tí ọ̀gá sọ ọ́ fún un, ẹ̀rín náà tán. "Ọ̀gá, ẹni tó jókòó lẹ́yìn mi ti ń sọ pé òun ń gbọ́ òórùn epo. Mo ní epo tó wà lára ọwọ́ mi ni. Mo ṣí fèrèsé."

Rra Tidimalo wo àwòrán ilẹ̀ tó wà lára ògiri.

"Pápá ìbalẹ̀ wo ló sún mọ́ ọ jù?"

"Ti Gobega. Mo ti ń wò ó. Erin wà lórí rẹ̀, ọ̀gá. Ìyá erin pẹ̀lú ọmọ."

Lọ́jọ́ mìíràn, ohun ẹ̀rín ni erin lórí pápá. Awakọ̀ á fò lọ sílẹ̀ kó fi ariwo ẹ́ńjìnnì lé wọn, á tún gòkè, á yí po. Lọ́jọ́ yìí, ẹ́ńjìnnì tí yóò fi lé wọn ni epo ń dà lé lórí.

"Mo ń sọ̀ kalẹ̀," Larona wí. "Tí wọn ò bá kúrò, màá gba ẹ̀gbẹ́..."

Rédíò dákẹ́. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn: tí bàálù bá ti sọ̀ kalẹ̀ sẹ́yìn igi, ohùn kì í dé Maun mọ́. Tó bá balẹ̀ láyọ̀, á dákẹ́ báyẹn. Tó bá jóná, á dákẹ́ báyẹn náà. Rra Tidimalo ń pe àgọ́ Gobega, kò sẹ́ni tó dáhùn.

Seipone kò lè dúró síbẹ̀. Ó jáde. Bàbá Saudu ṣì wà lábẹ́ igi, ó ń fi tíì jẹ magwinya, ìyẹn pọfupọ̀fù tiwọn, ó tò wọ́n sórí ìwé bí ẹni tó wà ní ibi ìsinmi.

"Ṣé wọ́n ti dé?"

Ó kúnlẹ̀ sínú yanrìn, ó sì sọ fún un, láì yọ nǹkan kan kúrò: nọ́ọ̀tì, sípánà, ìlà pupa, erin. Bàbá gbọ́ ọ tán. Magwinya bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà náà ni Seipone rí èéfín. Ó jìnnà, ní ìhà àríwá, ó dúdú, ó ń gòkè. Lásìkò yẹn nínú ọdún, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sun koríko nínú àbàtà, èéfín kì í ṣe nǹkan tuntun. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ kò lè gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Bàbá náà ti rí i. Ó na ọwọ́, ó gbá ọwọ́ Seipone mú.

"Ṣé ìhà ibẹ̀ ni?" Bàbá béèrè.

"Ìhà ibẹ̀ ni."

Wọ́n wà bẹ́ẹ̀. Mi ò lè sọ bó ṣe pẹ́ tó. Seipone alára kò mọ̀.

Igbe Rra Tidimalo ló gbé wọn dìde. "Wọ́n wà láàyè! Gbogbo wọn! Ẹ wá!"

Wọ́n sáré wọlé. Larona ti rìn dé àgọ́, rédíò ibẹ̀ ló ń lò. "Mo gba ẹ̀gbẹ́ erin kọjá, mo pa ẹ́ńjìnnì kí táyà tó fara kanlẹ̀, mo kó wọn jáde sínú koríko." Ohùn rẹ̀ kò jọ ohùn rẹ̀ mọ́. "Mma Seipone, ṣé ẹ wà níbẹ̀? Ẹ́ńjìnnì ti gbọ̀n nọ́ọ̀tì náà tú, ìlà yẹn ti já sí méjì. Ìka méjì ni mo fi yí nọ́ọ̀tì náà. Ìka méjì péré. Búlúù ti bo gbogbo ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì. Tí ẹ ò bá pè mí..."

"Ìlà ni mo wò," Rra Tidimalo ń sọ, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ wí. "Mi ò wo nọ́ọ̀tì. Àwa méjèèjì ni, Seipone. Bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún àwọn ọ̀gá lókè nìyẹn."

Bontle gba rédíò lọ́wọ́ Larona lọ́hùn-ún. "Bàbá, mo wà o. Bàbá?"

Bàbá Saudu jókòó sórí àpótí irinṣẹ́, ó bo ojú. Nígbà tó gbé orí sókè, Seipone ló kọjú sí.

"Nígbà tí mò ń pariwo òjò àti màlúù lọ́jọ́ òní, kí ló dé tí o ò sọ fún mi pé kí n dákẹ́?"

"Bàbá, ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá rẹ̀?"

"Ìwọ. Sọ ọ́ fún mi nísinsìnyí, kí n gbọ́."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Mo ní kí o sọ ọ́."

Obìnrin tó ti sọ ohun tó lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láì wo ẹ̀yìn, kò lè sọ èyí. Ó wo ilẹ̀, ó wo Rra Tidimalo, kò sẹ́ni tó gbà á. Omijé ń dà lójú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ tòsì di ìgúnpá ọ̀tún mú, ó tẹ orí ba.

"Bàbá," ó wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọdé lọ, "ẹ dákẹ́."

Bàbá dákẹ́.