Òdòdó Tí Omi Fẹ́ẹ́ Pa

Bí ẹ bá fẹ́ ríjà Morádéún, ẹ sọ pé ó pa òdòdó. Ẹ pè é ní olóríkunkun, yóò ní ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n òdòdó kẹ̀! Obìnrin tó ti ń tọ́jú òdòdó àwọn olówó Àpápá GRA láti ọdún mọ́kànlélógún, tí iyẹ̀pẹ̀ kì í kúrò ní èékánná ìfábẹ̀lá rẹ̀!

Ilé Tèmilọlá lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá kan nílé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ní Wharf Road. Ìyá rẹ̀ tó dolóògbé fi ìkòkò fáólẹ́ẹ̀tì kan sílẹ̀ lójú fèrèsé pálọ̀, òdòdó kékeré elésè àlùkò tí ewé rẹ̀ nírun bí etí ológbò. Òun nìkan ló kù nínú ohun tí ìyá náà fọwọ́ gbìn. Ṣàdédé lewé rẹ̀ rọ, ó wó sílẹ̀.

"Òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, Màmá. Ẹ ò bomi rin ín," ni Tèmilọlá wí.

"Màdáámù, ẹni tí omi ń pa náà máa ń wó," Morádéún dáhùn.

Ta ló gbọ́? Tèmilọlá ní kí Patrick, kúkù ilé, máa bu omi sí i láràárọ̀. Nígbà tí Morádéún padà dé lọ́sẹ̀ kejì, ewé ti ń jẹrà láti ìdí. Ó ki ìka bọ iyẹ̀pẹ̀, ó rin gbindingbindin. Kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó fa òdòdó náà yọ. Gbòǹgbò tó yẹ kó funfun ti dúdú, ó ń rùn.

"Ẹ ti pa òdòdó ìyá mi!" Tèmilọlá figbe ta, omi lé ròrò lójú rẹ̀.

"Èmi kọ́! Ẹ gbóòórùn rẹ̀ wò. Omi yín ló pa á!"

"Ẹ jáde nílé mi. Ẹ má padà wá mọ́."

Ṣé ó bẹ̀bẹ̀? Láéláé! Ewé kan ṣoṣo ló ṣì le. Ó fi abẹ gé e tòun ti igi rẹ̀, ó gbé e lọ sílé rẹ̀ ní Amukoko. Ó fi ìṣó lu ìdí agolo mílíìkì, ó po iyẹ̀pẹ̀ mọ́ yanrìn, ó ki ewé náà bọ̀ ọ́.

"Dánwò kó o kú, kí n rí ẹ," ó wí fún un. "Wọn ò ní purọ́ mọ́ mi."

Àwọn ará ilé ní orí rẹ̀ dàrú, ó gbé iṣẹ́ sọnù nítorí ewé. Ó ní kí wọ́n gbọ́ tiwọn. Láràárọ̀ ló ń fi ìka tọ́ iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ wò. Bó bá tutù, kò ní fún un lómi. Bó bá gbẹ, yóò gbé agolo sínú abọ́ omi kó fi ìdí mu, kí omi má kan ewé. Oṣù méjì kọjá, kò sí nǹkan. Lóṣù kẹta, ewé wíńníwínní mẹ́rin yọ. Morádéún hó yèè, ó jó yí agolo ká.

Patrick wá kí i, ó rí i, ó lọ sọ nílé. Lọ́jọ́ Àìkú, Tèmilọlá dé tòun ti aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó rí agolo náà, ó bú sẹ́kún. Kò tíì jókòó tó fi ṣí ìgò omi ọwọ́ rẹ̀, ó fẹ́ dà á sí i.

Morádéún gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. "Nínú ilé tèmi? Ẹ ò tó bẹ́ẹ̀! Ẹ ki ìka bọ̀ ọ́ ná."

Tèmilọlá ki ìka bọ iyẹ̀pẹ̀.

"Ó tutù," ló wí. "Màmi máa ń ṣe báyìí láràárọ̀. Mo rò pé wọ́n ń fi ṣeré ni. Màmá, ẹ má bínú."

"Mo ń bínú," ni Morádéún wí. "Ẹ jókòó, kí n kọ́ yín."