Tiransísítọ̀ Ayédèrú àti Ohùn Bàbá Àgbà

Nígbà tí mi ò tíì ga tó tábìlì iṣẹ́ Bàámi ni mo ti mọ òórùn tiransísítọ̀ tó jó. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà nílé ẹni tó ń to ẹ̀rọ, ẹ óò mọ̀ ọ́n: ó máa ń rùn bí ìyẹ́ adìyẹ tó kan iná, kì í sì í tètè kúrò lára aṣọ.

Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni Bàámi ní Akínyẹlé, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti ilé ìwé dé, ampilifáyà, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè, ni wọ́n máa ń tò. Èmi ni mò ń di tọ́ọ̀ṣì mú. Bí ọwọ́ mi bá mì pẹ́nrẹ́n, wọ́n á fà mí létí. Eré ọwọ́dilẹ̀ ni tẹ́lẹ̀, títí ọ̀rọ̀ Bàbá Àgbà fi dé.

Bàbá Àgbà, baba tó bí Màámi, ni katikíìsì ìjọ wa. Àìsàn kan ti sọ ohùn wọn di tín-ín-rín bíi ti ẹ̀fọn. Àwọn tó ń jókòó lẹ́yìn kò gbọ́ ìwàásù mọ́, àwọn àgbà ìjọ sì ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé kí bàbá lọ sinmi. Bàámi bá jẹ́jẹ̀ẹ́ pé kó tó di ọjọ́ ìkórè, ampilifáyà yóò ti wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Wọ́n tò ó tán. Ó ku tiransísítọ̀ ńlá, irin pẹlẹbẹ ẹlẹ́sẹ̀ tó ń fún ohùn lágbára. Irú kan pàtó ni wọ́n ń fẹ́, kò sì sí nítòsí. A gun ọ̀kadà, a wọ mọ́tò, ó di Adégbàyí, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀yà ara rédíò.

“Ojúlówó ni, Tíṣà,” ni ọkùnrin náà wí. “Òkè òkun ló ti wá.”

A délé, Bàámi fi òjé jó o mọ́ ibi tó yẹ, wọ́n tan iná. Pàù! Èéfín. Màámi gbé ìkòkò ẹ̀wà wọn sá jáde.

A padà lọ. Ọkùnrin náà ní iná ilé wa ló burú, ó fún wa ní òmíràn. Ìyẹn náà jó. Bàámi fi ọ̀bẹ ha orí rẹ̀, orúkọ tó wà níbẹ̀ ṣí kúrò, orúkọ mìíràn sì yọ lábẹ́ rẹ̀.

“Ọ̀dà ni wọ́n kùn ún! Èèyàn jókòó, ó ń kùn ún!” Wọ́n yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n nù ún títí.

Èyí tí wọ́n rà lọ́wọ́ òǹtajà mìíràn ṣiṣẹ́ nílé. Ní ọjọ́ ìkórè, Bàbá Àgbà ní, “Ẹ̀yin ará,” ohùn wọn sì rinlẹ̀ dé ìta ṣọ́ọ̀ṣì. Màámi ń rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ ni mo gbóòórùn ìyẹ́ adìyẹ. Tiransísítọ̀ ti jó, ohùn Bàbá Àgbà sì padà di ti ẹ̀fọn.

Àwọn àgbà ìjọ ń wo ara wọn. Bàbá Àgbà kò wo ẹnì kankan. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ wá sáàárín ìjọ, wọ́n ní, “Ẹ gbé bẹ́ǹṣì yín súnmọ́ mi.” Bẹ́ǹṣì ń wọ́ nílẹ̀ gbàràgbàrà. A yí wọn ká bí ẹni ń yáná, kò sì sí ẹni tí kò gbọ́ ìwàásù ọjọ́ náà. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó dárúkọ ìsinmi mọ́.

Bàámi nìkan ni inú wọn ò dùn. “Ó yẹ kó ṣiṣẹ́,” ni wọ́n ń wí títí a fi délé. Ìgbà tó yá ni wọ́n wá rí ojúlówó, nínú ampilifáyà àlòkù tí ẹnì kan jù nù ní Ajíbọ̀dé!

Èmi náà ń to ampilifáyà báyìí. Orí fóònù ni mo ti ń ra tiransísítọ̀, àwòrán rẹ̀ ń dán gbinrin. Wọ́n gbé ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá dé ẹnu ọ̀nà mi, mo tan iná, ó jó. Nígbà tiwa, Bàámi lè padà lọ dúró níwájú ẹni tó rẹ́ wọn jẹ, kí wọ́n sọ tẹnu wọn, kí onítọ̀hún sì wolẹ̀. Èmi kọ ẹ̀hónú mi ránṣẹ́ lórí fóònù. Èsì dé lójú ẹsẹ̀: wọ́n dúpẹ́ pé mo bá wọn rajà, wọ́n ní kí n jọ̀ọ́, kí n fi ìràwọ̀ márùn-ún yin ọjà wọn.