Bàbá tó máa ń ṣí ìkòkò wò

Tí ìdérí ìkòkò bá ti dún, bàbá ìyàwó mi ni mo máa ń rántí. Ní gbogbo Ìlobù, Bàbá kì í jókòó nílé ẹnikẹ́ni láì kọ́kọ́ ṣí ìkòkò wò: "Ta ló sè é?"

Nígbà tí jẹjẹrẹ próstéètì wọn, tí abẹ́rẹ́ ti mú wálẹ̀, tún gbérí, èmi ni mo sìn wọ́n lọ sí Òṣogbo. Dókítà ní, "Bàbá, hómóònù ọkùnrin, èròjà tí ara ọkùnrin ń ṣe, ni oúnjẹ jẹjẹrẹ yìí. Abẹ́rẹ́ ń fi ebi pa á, àmọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tó ṣẹ́kù ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ fúnra wọn."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Jẹjẹrẹ ń dáná! Ọkọ ọmọ mi rèé, kò mọ̀ ọ́n dá, tí ọmọ mi bá sùn sí Ìfọ́n, gàrí gbígbẹ ló máa ń jẹ!"

Òótọ́ ni. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, wọn ò kọ́ wa ní iṣu sísè.

Dókítà fún wọn lóògùn tuntun tó máa paná ìdáná yẹn. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ jáde: jẹjẹrẹ ò tíì tán, àmọ́ ó ti wálẹ̀ gan-an! Mo pariwo débi pé nọ́ọ̀sì lé mi síta.

Nígbà tí èmi àti Bàbá dé ilé mi, ìyàwó mi ò sí nílé, inú mi dùn débi pé mo gbé iṣu kaná. Ó jóná. Bàbá ṣí ìkòkò.

"Ta ló sè é?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Háà! Ìwọ náà ti kọ́ ọ! Bu tèmi wá. Iná tìẹ, ẹnikẹ́ni ò ní pa á."