Ògiri Tí Mo Fi Téèpù Wọ̀n

Òórùn ìgbẹ́ àdán ni ó kọ́kọ́ pàdé wa nígbà tí a gun òkè Ọ̀kà dé ibi tí àwọn baba wa sá sí nígbà ogun Tápà. Ihò àpáta kan wà níbẹ̀ tí ogún èèyàn lè jókòó sí. Inú rẹ̀ dúdú, ó sì tutù, ṣùgbọ́n bí o bá gba inú rẹ̀ jáde sí òdìkejì, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ á gbá ọ lójú, wàá sì máa wo àwọn òkè apá Ìkàrẹ́ lọ́hùn-ún bí ẹni pé inú èéfín ni wọ́n wà. Àwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá wo ibẹ̀ báyìí, wọ́n ń ya fọ́tò. Èmi kò lọ wòran. Ìdààmú ló gbé mi lọ.

Ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo ló fẹ́ lọ sílé ọkọ nígbà náà. Ọmọ Ọ̀kà bíi tiwa ni ọmọkùnrin náà, ó ń ṣe tíṣà ní Ìkàrẹ́, níbi tí mo ti ń ránṣọ. Ohun gbogbo ń lọ déédéé títí àwọn àgbà ilé wa fi béèrè irú ilé tó ti wá. Àṣà kan wà nílé wa: ilé méjì tí àwọn obìnrin wọn bá jọ lọ ọkà nínú àgbàlá kan lórí òkè nígbà ogun ti di ọmọ ìyá, wọn kì í fẹ́ra. Ṣùgbọ́n bí ògiri bá wà láàárín ọlọ méjèèjì, aládùúgbò lásán ni wọ́n, kò sí èèwọ̀. Gbogbo wọn ló gbà pé ilé wa àti ilé ọmọkùnrin náà múlé ti ara wọn lókè. Ti ògiri yẹn ni kò sí ẹni tó mọ̀, àfi ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí ìyá àgbà rẹ̀ máa ń mú lọ ṣẹ́gi ní ahoro náà nígbà tó wà ní kékeré. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Wọ́n ní kí n mú un lọ wò ó, kí a mú èsì wá sí ìpàdé ẹbí lọ́jọ́ Sátidé.

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, ìjókòó kò gbà mí. Mo gé ṣòkòtò oníbàárà kan kúrú, èmi tí n kì í ṣi aṣọ gé. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, a lọ. Amọ̀nà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ló ṣáájú wa. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń sinmi ní gbogbo ogún ìṣísẹ̀. Mò ń kà á. Amọ̀nà na ọ̀pá sí àwọn òkúta ńlá kan.

“Màmá, ibí ni àwọn jagunjagun wa lúgọ sí, tí wọ́n ń yí òkúta lu àwọn Tápà.”

“Ṣé o wà níbẹ̀ ni?”

“Háà, Màmá! Wọ́n sọ fún wa ni.”

“Ẹni tó sọ fún ẹ náà ò sí níbẹ̀. Àwọn obìnrin ló yí òkúta. Inú ihò àdán ni àwọn ọkùnrin yín wà.”

Amọ̀nà rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Fóònù mi tún ń gbọ̀n nínú báàgì, ọmọ mi ni, ẹ̀ẹ̀kẹrin.

“Mọ́mì, kí ni Màmá sọ?”

“Kò tíì sọ nǹkan kan. Amọ̀nà ló ń bá jà.”

A rí ibẹ̀ lẹ́yìn igi ọdán kan: àpáta pẹrẹsẹ tó ní ihò ọlọ méjì, tí ọkà lílọ ti jẹ wọnú bí àwo. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kúnlẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ekuru inú ọ̀kan. “Tiwa nìyí. Inú rẹ̀ ni ìyá àgbà mi ti ọwọ́ mi bọ̀.” Lẹ́yìn náà ó yíjú sí ìkejì. Òkúta mẹ́sàn-án tò lọ tààrà láàárín ihò méjèèjì. Ó yẹ kí n jẹ́ kó sọ̀rọ̀. N kò lè dúró.

“Ògiri nìyí, àbí? Màmá, ẹ wò ó, ìpìlẹ̀ ògiri ni!” Téèpù ìránṣọ mi ti wà lọ́wọ́ mi. Mo wọ̀n ọ́n: ẹsẹ̀ bàtà méje àti ínṣì mẹ́ta.

Ojú mi ló ń wò, kì í ṣe òkúta. “Ògiri ni,” ló wí.

Bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀, amọ̀nà fà mí sẹ́yìn díẹ̀. “Ìyá ìyàwó, ẹ má bínú o. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá ya fọ́tò lọ́dún tó kọjá ló to òkúta yẹn, wọ́n fi ṣe ìjókòó. Ojú mi ló ṣe.” Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi mọ síbẹ̀.

Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá mi béèrè ohun tó sọ fún mi. Mo ní kò sọ nǹkan kan.

“Ó sọ fún ẹ pé ìjókòó ni. Mo mọ ògiri, ọmọ mi, mo sì mọ ìjókòó.”

“Kí ló wá dé tí ẹ fi ní ògiri ni?”

“Ogun ló kó wọn jọ sórí òkè. Ogun ti parí.” Ó ní kí n fún òun ní omi.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo rò pé òun ni yóò sọ̀rọ̀. Ó nawọ́ sí mi. “Ẹ bi í. Òun ló wọ̀n ọ́n.” Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Ọmọ mi dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ kọ́tìnnì.

“Ẹsẹ̀ bàtà méje àti ínṣì mẹ́ta,” mo wí. Kò sẹ́ni tó bi mí ní ohun mìíràn. Wọ́n gbàdúrà, a ṣe àmín.

N kò purọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn òkúta náà ṣe gùn tó. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé èèyàn lè wọn nǹkan kó pé, kó má sì jẹ́ òótọ́. Ọmọ mi ti bí méjì, ilé wọn sì tòrò. Síbẹ̀, bí ara ọ̀kan nínú wọn bá gbóná, ọkàn mi kì í balẹ̀ títí yóò fi tutù. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti sùn nínú Olúwa. Nígbà mìíràn mo máa ń rò pé ó tú wa sílẹ̀ ni. Nígbà mìíràn, pé kò fẹ́ dá ẹrù náà rù ló ṣe ní kí wọ́n bi mí. Bóyá méjèèjì ni.

Lóṣù tó kọjá, ìyá kan nínú ẹbí wa pè mí láti Ọ̀kà. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ fẹ́ ọmọ ilé kan tó múlé ti tiwa lókè, àwọn àgbà sì ní èmi nìkan ló kù tó mọ ibi tí ògiri gbà. Mo ní mò ń bọ̀. N kò tíì mọ ohun tí màá sọ, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí a bá débẹ̀, ojú ìyá ọmọ náà ni màá kọ́kọ́ wò.