Ìsinmi Tí Mo Lọ Ṣe ní Monrovia

Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì ní Iléṣà kí n tó fẹ̀yìntì. Nígbà tí ọmọkùnrin mi, tó ń ṣiṣẹ́ báńkì ní Monrovia, ní kí n wá lo oṣù kan lọ́dọ̀ òun, gbogbo ohun tí mo fẹ́ kò ju kí n máa sùn dáadáa, kí n sì lọ wo òkun.

Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́, a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ọmọ Nàìjíríà ní Sinkor. Ọmọ mi dìde, ó ní, “Ìyá mi rèé. Nọ́ọ̀sì àgbà ni wọ́n. Bí ara bá ń ṣe yín, ilé wa ò jìnnà.” Mo rò pé ó ń ṣeré ni.

Aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ajé ò tíì lù tí obìnrin kan fi kanlẹ̀kùn pé kí n bá òun wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Mo wọ̀n ọ́n. Ó lọ, ó rán àbúrò rẹ̀ wá. Àbúrò mú ọkọ wá. Nígbà tó fi di Ọjọ́rú, ìloro wa ti di ọsibítù. Ẹnì kan gbé ẹsẹ̀ tó wú sí iwájú mi níbi tí mo ti ń jẹun. Mo gbé àwo mi kúrò, kò yé e.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo pinnu pé òkun ni mò ń lọ, ẹnikẹ́ni ì báà wá. Mo dá takisí dúró. Obìnrin kan sọ̀kalẹ̀ nínú rẹ̀, ó ń fa ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Alhaji ni ọkùnrin náà, Jallah Town ló ti ń ta aṣọ.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, orí ń fọ́ wọn láti àná.”

“Kò sóhun tó ṣe mí,” ni Alhaji wí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti ń wúwo lẹ́nu rẹ̀.

“Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín ńkọ́?”

“Mo ti dá a dúró. Ara mi ti yá.”

“Ta ló ní kí ẹ dá a dúró?”

Inú bí mi gidigidi. Mo tì í padà sínú takisí, ó di ilé ìwòsàn. Dókítà ní bí a bá pẹ́ díẹ̀ sí i, ó ṣeé ṣe kí apá kan ara rẹ̀ rọ. Ibẹ̀ ni mo jókòó sí títí di ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú aṣọ òde lọ́rùn.

Nígbà tí ọmọ mi dé, mo ní, “O ò bá kúkú sọ fún mi pé iṣẹ́ lo pè mí wá ṣe.”

“Mọ̀mí, ẹ má bínú. Mo kàn ń fi yín yangàn ni.”

“Máa fi mí yangàn, kí o sì jẹ́ kí n sinmi.”

Ara Alhaji yá. Ìyàwó rẹ̀ gbé aṣọ wá dúpẹ́, ó sì mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin dání, ó ní òòyì ń kọ́ ọ. Mo ní kí ó lọ rí dókítà. Ẹ̀gbọ́n náà ní mo ti ń gbéra ga, ó bínú lọ. N kò pè é padà. Mo ti ilẹ̀kùn, mo dùbúlẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Oorun ò wá. Òòyì tó ń kọ́ obìnrin yẹn ni mò ń rò.