Ìlà Kejì Tí Mo Fi Híjáàbù Bò

Ọjọ́ Àìkú kan, ní àsàlátù wa ní Tẹ̀dé, mo gún ìka ara mi lábẹ́rẹ́ níwájú àwọn obìnrin tó kún inú mọ́sálásí, kí wọ́n lè rí i pé kò sóhun tí wọ́n ń bẹ̀rù. Iṣẹ́ mi ni. Yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí mo ti jáde ilé-ìwé. Ilé-kéwú ni mo ti kọ́kọ́ mọ ìwé kà, àáfáà mi ló sì bẹ bàbá mi kí wọ́n jẹ́ kí n kà síwájú. Mo ń dúpẹ́ oore yẹn dòní.

Àyẹ̀wò àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ la fẹ́ ṣe. Kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ ló ń fà á, ẹ̀dọ̀ ló sì ń bá jà. Ìyá lè kó o ran ọmọ nígbà ìbímọ. Abẹ́rẹ́ tàbí abẹ tí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn wà lára rẹ̀ lè gbé e wọra. Ọkọ àti ìyàwó sì lè kó o ran ara wọn lórí ibùsùn. Mo ṣàlàyé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tó gbẹ̀yìn nìkan letí wọn gbà.

"Àrùn alágbèrè nìyẹn," obìnrin kan wí látẹ̀yìn. "Ta ló máa nawọ́ sí i lójú ọ̀rẹ́ ẹ̀?"

"Ìwọ kọ́kọ́ nà án ká wò ó," ẹnìkejì rẹ̀ dá a lóhùn, "àbí kí lo fi pamọ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ìyá Àdínì, olórí àwọn obìnrin mọ́sálásí wa, kọjú sí mi. "Ìyá Ràfíù, ìwọ gan-an ńkọ́? Ṣé o ti yẹ ara ẹ wò rí?"

"Ẹ máa rí i báyìí, mà."

Mo kán ẹ̀jẹ̀ mi sínú páálí pẹlẹbẹ tí a fi ń ṣe àyẹ̀wò náà, mo kán oògùn rẹ̀ tẹ̀lé e. A ó dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìlà kan gbọ́dọ̀ yọ lára ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ìyẹn ló ń fi hàn pé páálí náà dára. Ìlà kejì ni ti àrùn. Bí a ti ń dúró ni mo ń dá wọn lẹ́rìn-ín, n ò tilẹ̀ wo páálí. Ìgbà tí mo máa wò ó, ìlà méjì ló wà níbẹ̀.

Mo rò pé ojú mi ló ṣì í rí, mo yíjú sí fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè kàn án dáadáa. Méjì ni.

"Ó ti yọ?" Ìyá Àdínì bèèrè. "Kí ló wí?"

Mo fa híjáàbù mi bò ó. "Ìlà kan ni, mà. Àlùhàmúdù lílàhi."

"Àlùhàmúdù lílàhi!" ni gbogbo wọn dá mi lóhùn. Inú mọ́sálásí ni mo ti pa irọ́ yẹn.

Wọ́n bá tò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo ń mú wọn wọ yàrá tí wọ́n ń kó ẹní sí, kí ẹnikẹ́ni má baà rí èsì ẹlòmíràn. Sìkírá, ìyàwó Lásísì tó ń tún ọ̀kadà ṣe, ni ìlà méjì yọ fún. Kò sunkún. Ó kàn ń wo páálí náà bí ẹni tó ń wo ejò.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ká ní ẹ̀yin ni, ṣé ẹ máa sọ fún Bàbá Ràfíù?"

"Màá sọ," ni mo wí. N ò ṣẹ́jú.

Mo délé, n ò sọ. Mo kẹ̀yìn sí ọkọ mi lórí ibùsùn. Iṣu ló ń tà, ó máa ń sùn sí Ṣakí nígbà mìíràn, gbogbo oorun tó ti sùn síbẹ̀ ni mo wá ń rò lọ́kàn bí adájọ́. Ìgbà tó yá ni mo rántí ọ̀rọ̀ ara mi. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, abẹ́rẹ́ tí mo fi gba ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kan gún mi wọ inú ìbọ̀wọ́. Mo fomi fọ ọ́, mo ń báṣẹ́ lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sì yẹ kí àwa òṣìṣẹ́ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn náà. Èmi gba ẹyọ kan, apá mi wú, n ò padà gba èyí tó kù. Bẹ́ẹ̀, èmi ni mo ń bá àwọn ẹlòmíràn wí bí wọn ò bá gbà á pé!

Lọ́jọ́rú, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìsẹ́yìn, níbi tí wọn ò ti mọ̀ mí. Àyẹ̀wò tó lágbára ju tèmi lọ sọ ohun kan náà. Dókítà ní ẹ̀dọ̀ mi ò tíì bàjẹ́, kí n máa wá fún àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kí n má sì mu àgbo kankan. Mo bi í bóyá ó lè sọ ibi tí mo ti kó o. Ó ní ẹ̀jẹ̀ kì í sọ ìyẹn.

Nígbà tí mo padà délé, Ìyá Àdínì ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà mi.

"Lásísì ti lé ìyàwó ẹ̀ lọ sílé bàbá ẹ̀ ní Ìwéré-Ilé. Ó ní alágbèrè ni. Ọmọ yẹn ní ìwọ lo ní kóun sọ fún ọkọ òun."

Ẹni tí mo parọ́ fún ló sọ òótọ́, òun ni wọ́n lé.

Nígbà tí ọkọ mi kírun Ìṣáì tán, mo gbé ìwé èsì àyẹ̀wò Ìsẹ́yìn fún un. Ó kà á tán.

"Ṣé èmi ni mo kó o ràn ẹ́?"

"N ò mọ̀. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ yín wò."

Ní àárọ̀ a yẹ̀ ẹ́ wò. Ìlà kan ni. N ò lè gbójú sókè.

"Kí lò ń wolẹ̀ fún?" ó ní. "Mo mọ ẹni tí mo fẹ́. Fún mi ní abẹ́rẹ́ àjẹsára yẹn, ká lọ bá Lásísì."

Lásísì jókòó ti ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà kan. "Mà, tó bá jẹ́ torí ọmọbìnrin yẹn ni, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu."

Mo na ìwé mi sí i. Ó kà á. "Orúkọ yín ló wà níbí."

"Orúkọ mi ni."

Ó wo ọkọ mi. "Bàbá, ẹ mọ̀, ẹ ò sì bi í ní ọkùnrin tó fún un?"

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́! Ìyá tó bí i lè ti fún un. Ṣé kí n lọ bá ìyá àna mi ní sàréè ni?"

Lásísì na ìka sí mi kí n yẹ òun náà wò. Òwú tí mo fi nù ún dúdú fún epo. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró ti páálí náà bí ẹni ń retí ìdájọ́. Ìlà kan.

"Sìkírá náà ṣì lè gbé ilé mi?"

"Kí ló dé tí kò fi ní lè gbé e? Ṣáà gba abẹ́rẹ́ tìẹ pé."

Ó ti gun ọ̀kadà oníbàárà, ó dojú kọ ọ̀nà Ìwéré-Ilé. Kò fọ ọwọ́.

"Abẹ́rẹ́ ńkọ́?" mo kígbe.

"Tá a bá dé!"

Ó ku èmi àti Ọlọ́run. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àdúrà, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ Ìyá Àdínì, mo dìde láàárín àsàlátù, mo sì sọ iye ìlà tó yọ fún mi.