Ọjọ́ Tí Ẹ̀rọ Àǹtí Títí Da Ásíìdì

Ẹ̀gbọ́n mi Títí kì í bẹ̀rù nǹkan. Bí ejò bá wọlé, òun ló máa pa á. Ọkọ rẹ̀ á ti gun orí àga. Ìlú òyìnbó ló ti kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ó sì fẹ́ràn èdè kan tí wọ́n fi ń bá ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń pè ní Lisp. Nígbà tí owó epo ń ṣàn ní Èkó, tí oníkálukú ń ra aṣọ bí ẹni pé aṣọ fẹ́ tán láyé, ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń pa aṣọ láró ní Ìsọlọ̀ gbà á síṣẹ́. Wọ́n ti ra kọ̀ǹpútà ńlá, wọn ò tíì mọ ohun tí wọ́n máa fi ṣe. Èmi Lará, àbúrò rẹ̀, ń gbé lọ́dọ̀ òun àti ọkọ rẹ̀ ní Ire-Akari. Tíṣà ni mí, mi ò sì fẹ́ràn ẹ̀rọ rẹ̀ rárá, nítorí òun nìkan là ń gbọ́ nídìí oúnjẹ.

Ọwọ́ ni wọ́n fi ń bu ásíìdì sínú àgbá aró tẹ́lẹ̀, ó sì ti bó àwọn kan lára. Àǹtí Títí ní kí ẹ̀rọ máa dà á. Ètò tó kọ kò gùn: pọ́ǹpù á da ásíìdì, á sì sọ iye tó dà, agogo á dún, Gàfárù tó ń ṣọ́ àgbá á ṣí ọmọrí, á fi ọ̀pá rú aró náà pọ̀. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Gàfárù, òun àti ìyàwó rẹ̀ Ìsíátù háyà yàrá kan ní Ailegun, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Nínú ètò yẹn, ọ̀rọ̀ kékeré kan wà tó ń wo iye méjì, tó sì ń mú èyí tó pọ̀ jù: iye tí pọ́ǹpù dà, àbí ìwọ̀n kan tí wọ́n ti fi lélẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní fọ́ńṣọ̀n ni ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ fi í ṣe. Fọ́ńṣọ̀n máa ń dúró di ìgbà tí iṣẹ́ bá ń lọ lọ́wọ́. Pọ́ǹpù á dà á tán, wọn á wá gbé iye rẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀gá wọn ní ẹ̀rọ ń fà jù, ni Àǹtí bá sọ ọ́ di ohun tí wọ́n ń pè ní mákírò. Mákírò kì í dúró. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń túmọ̀ ètò, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ló ti máa ń ṣe tiẹ̀ tán: ọ̀rọ̀ tí èèyàn kọ fún un ló máa ń gbà, kì í gba èsì rẹ̀, á sì da ọ̀rọ̀ náà kọ síbikíbi tó bá ti nílò rẹ̀. Ẹ̀rọ yá lóòótọ́. Àǹtí ń yan kiri ilé bí ìyàwó ọ̀ṣìngín.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, wọ́n fi omi díẹ̀ dán an wò. Agogo dún, Gàfárù ṣí ọmọrí, ó rú u, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní kí Àǹtí lọ sinmi nílé, pé àwọn á fi ásíìdì gidi bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì.

Ní ọ̀sán Sátidé náà, èmi wà nídìí ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, òun ń ya irun rẹ̀ ní yàrá.

"Lará, fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ yẹn, kí o wò ó bóyá ó tó."

Mo fi iyọ̀ sí i, mo tọ́ ọ wò. "Ó tó, mà."

"Tó bá ti tó, fi iyọ̀ sí i, kí o sọ ọ́ kalẹ̀."

Inú bí mi. "Àǹtí, èyí tí mo fi wò ńkọ́? Ó ti wà nínú ọbẹ̀ o! Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ fẹ́ kí n fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ kan?"

Nígbà tí mo yọjú sí i, òòyà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Yéè, mo gbé! Lará, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa da ásíìdì."

Ó sáré lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò wa tó ní tẹlifóònù. Tẹlifóònù náà ti kú. Ọkọ rẹ̀ ti gbé mọ́tò lọ sí Òṣòdì. Bí a ṣe fi ẹsẹ̀ sáré nìyẹn, òun pẹ̀lú ìró láyà, láìwọ bàtà, èmi lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń ṣàlàyé bí ó ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ibi tó ti ń wò ó bóyá ásíìdì ti ju ìwọ̀n lọ, mákírò ti kọ "dà á" síbẹ̀. Ibi tó ti fẹ́ mú iye náà, ó tún kọ "dà á" síbẹ̀. Omi àná kò tó ìwọ̀n, ìdí nìyẹn tí ẹlẹ́ẹ̀kejì kò fi ṣẹlẹ̀. Tòní máa jù ú lọ.

"Tí àkọ́kọ́ bá parí, agogo á dún," ó ní. "Gàfárù á ṣí ọmọrí. Ojú rẹ̀ á wà lórí àgbá nígbà tí ìkejì bá dé."

A kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Aswani, àwọn aláṣọ ń pè wá kí a wá wo aṣọ tuntun, mi ò lè wojú ẹnikẹ́ni. Ojú ọmọkùnrin yẹn nìkan ni mò ń rò.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì kò kọ́kọ́ dá a mọ̀. "Ta lẹ fẹ́ rí?"

"Títí ni! Ṣílẹ̀kùn, mo bẹ̀ ọ́!"

"Háà, Màdámú! Kí ló dé, mà?" Ó ń wá kọ́kọ́rọ́, ó ń tú àpò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ la wà nígbà tí agogo dún.

Mi ò mọ bí a ṣe dé yàrá aró. Ọmọrí ti ṣí, Gàfárù sì ti tẹ̀ síwájú lórí àgbá pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀.

"Gàfárù!" Ẹ̀gbọ́n mi pariwo débi tí ohùn rẹ̀ fi ya.

"Mà!"

Àgbà ló pè é. Ó ju ọ̀pá sílẹ̀, ó sáré wá síwájú wa, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì. "Ẹ káàsán, mà."

Kò tíì dìde tí pọ́ǹpù fi kùn. Ásíìdì já lu aró gbígbóná, ó ta bí ìgbà tí omi bá kán sínú epo tó ń hó, ó ta dé ibi tí orí rẹ̀ wà lẹ́ẹ̀kan. Díẹ̀ já lé e lẹ́yìn, ẹ̀wù rẹ̀ lu, ó ké. Àǹtí pa súìṣì, a wọ́ Gàfárù lọ sídìí ẹ̀rọ omi, a ń da omi lé e láìdúró. Ojú rẹ̀ kò gbọgbẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ gbọgbẹ́, àpá rẹ̀ ò sì ní parẹ́.

Àwọn ará ilé iṣẹ́ ń yin Àǹtí, wọ́n ní Ọlọ́run ló rán an. Ó sọ mákírò yẹn padà di fọ́ńṣọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹni tí kì í bẹ̀rù ejò wá ń bẹ̀rù ìkọ̀wé ọwọ́ ara rẹ̀. Á ka ìlà kan, á tún un kà, á máa làágùn.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ìsíátù wá kí wa. Ó kúnlẹ̀, ó tú ọmọ tó pọ̀n, ó gbé e lé ẹ̀gbọ́n mi lẹ́sẹ̀. "Ẹ gba ọkọ mi lọ́wọ́ ikú, mà. Ọlọ́run á bá yín dá tiyín sí."

Mo ṣẹ́jú sí Àǹtí kó dákẹ́. Ta ni yóò mọ̀?

"Ìsíátù," ó ní, "èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ tó da ásíìdì yẹn. Èmi ni mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ìsíátù ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó wò ó, ó wo ọmọ. "Ẹ ṣeun, mà," ó ní, a ò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ. Ó wá nawọ́, ó rọra gbé ọmọ rẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi.